Abẹ́rẹ́ gbígbẹ fún ìrora iṣan ẹsẹ̀: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ẹsẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi: itan tó ń fà, orúnkún tó ń ro ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gìgísẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Láìpẹ́ yìí, kí wọ́n tó jókòó tán ni wọ́n á ti béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin náà máa ń gún abẹ́rẹ́ yẹn?" Wọ́n ti rí fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Mo máa ń gún un, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá yẹ. Àmọ́ ó máa ń dùn mí bí mo bá pàdé ẹni tó ti gbà á nígbà mẹ́wàá, tí kò sí ẹni tó sọ fún un pé abẹ́rẹ́ yẹn nìkan kì í wo ẹsẹ̀ sàn. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú. Ohun mẹ́ta ni Yorùbá ń pè ní iṣan: ẹran tó ń gbé eegun rìn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, àti okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara. Bí mo bá pe iṣan lásán níbí, ẹran ni mò ń sọ. Màá pe méjì yòókù ní iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára. Ó yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ẹran la fẹ́ gún, a ò fẹ́ gún àwọn méjì yẹn.

Kí gan-an ni abẹ́rẹ́ gbígbẹ?

Dry needling ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní ihò nínú ni. Kò sí oògùn tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní gbígbẹ. Èyí tí mo máa ń lò fún ẹsẹ̀ kì í nípọn ju mìlímítà 0.25 tàbí 0.30 lọ, nígbà tí abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń fún ènìyàn lóògùn sínú ẹran máa ń tó 0.6 sí 0.8. Gígùn rẹ̀ ló máa ń yàtọ̀. Ẹran iwájú ojúgun kò gbà ju mìlímítà 30 tàbí 40 lọ, àmọ́ ìdí ẹni tó bá sanra lè gba 75 kó tó kan iṣan tí a ń wá.

Kókó inú iṣan la máa ń fi í gún.

Kókó wo nìyẹn? Ṣé eegun ni?

Rárá, inú ẹran ló wà. Ẹ jókòó, ẹ dẹ ẹsẹ̀ yín sílẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò wá inú ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ohun kan pàdé bí okùn, tó le ju ẹran tó yí i ká lọ. Ibì kan sì lè wà lára okùn náà tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó fa ojú ro. Ibẹ̀ là ń pè ní kókó.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nípa bó ṣe ń di kókó ni ti David Simons, dókítà ará Amẹ́ríkà. Ó ní níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti wọnú ẹran láti pàṣẹ fún un, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetylcholine ń tú jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹran ibẹ̀ á sún kì, kò sì ní tú sílẹ̀ mọ́. Bó ṣe sún kì yẹn, á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀, ọ́síjìn tó ń débẹ̀ á dín kù, àwọn kẹ́míkà tó ń ta ara á sì kó jọ síbẹ̀. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní National Institutes of Health, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde: wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó lè fa omi díẹ̀díẹ̀ wọnú kókó tó wà ní èjìká, wọ́n sì bá àwọn kẹ́míkà ìrora bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ju inú èjìká àwọn tí kò ní kókó lọ.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gba àlàyé Simons wọlé o. Bí ẹ bá sì ní kí èmi àti ẹlòmíì wá kókó lára ẹsẹ̀ kan náà, ìka wa lè má bọ́ sójú kan náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kókó ti yé òun látòkèdélẹ̀, ẹ rọra gbọ́ tirẹ̀.

Gìgísẹ̀ ló ń dùn mí. Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹ ẹ̀yìn ojúgun mi?

Nítorí pé kókó kì í sábà ro sójú ibi tó wà. Obìnrin kan wá bá mi tó máa ń sáré láàárọ̀. Oṣù mẹ́rin ni gìgísẹ̀ ti ń dá a lóró. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì dà bí ẹni tẹ ìṣó. Ó ti pààrọ̀ bàtà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti yí ìgò omi dídì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ títí. Mo ní kó dojú bolẹ̀, mo wá fi àtàǹpàkò wọ inú soleus rẹ̀. Soleus ni iṣan pẹlẹbẹ tó sá pa mọ́ sábẹ́ iṣan ńlá ẹ̀yìn ojúgun. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró. Kò ju bíi ká ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ tó fi gbé orí sókè: "Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn! Ojúgun lẹ tẹ̀, gìgísẹ̀ ló ń dùn mí."

Gbólóhùn yẹn, "òun gan-an nìyẹn", ni mo máa ń dúró dè kí n tó ṣí abẹ́rẹ́ kankan. Ibi tó kàn ń dùn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ lára gbogbo wa. Èyí tó ń jí ìrora tí ẹ mọ̀ mọ́ ara yín dìde ló tọ́ sí abẹ́rẹ́.

Àwọn mìíràn tún wà bẹ́ẹ̀. Gluteus minimus, iṣan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, lè ro gba ẹ̀gbẹ́ itan títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kí ènìyàn máa rò pé iṣan ìmọ̀lára ẹ̀yìn ló há. Kókó inú iṣan iwájú itan máa ń ro sí orúnkún. Èyí tó wà níwájú ojúgun máa ń ro sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Janet Travell, dókítà tó tọ́jú Ààrẹ John F. Kennedy, òun àti Simons tí mo dárúkọ ni wọ́n jọ ya àwòrán ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan ń ro sí. Oògùn ni Travell máa ń fà sínú kókó. Nígbà tó di 1979, Karel Lewit, dókítà ará Czech, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 241, ojú ìrora 312. Ó ní bí ẹnu abẹ́rẹ́ bá ṣáà ti kan ojú ibi tó ń dùn jù, ìrora máa ń lọ lójú ẹsẹ̀ ní ìdá 86.8 nínú ọgọ́rùn-ún, bí kò tilẹ̀ sí oògùn nínú rẹ̀. Kò ní ẹgbẹ́ kejì tó fi wọ́n wé o, nítorí náà a ò lè ka iye yẹn sí ẹ̀rí gidi. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn bóyá abẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ àbí oògùn. Dókítà Chan Gunn náà ṣe tirẹ̀ ní Kánádà ní sáà kan náà, èyí tó gbé ka orí iṣan ìmọ̀lára tó ń ti ẹ̀yìn wá.

Ṣé àkúpọ́ńṣọ̀ kọ́ nìyí?

Abẹ́rẹ́ wọn bára mu, èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò bára mu. Ìmọ̀ ìṣègùn àtayébáyé ilẹ̀ Ṣáínà ló ń tọ́ àkúpọ́ńṣọ̀ sọ́nà, ojú ibi tí wọ́n sì ń gún lè jìnnà réré sí ibi tó ń dùn. Tiwa, iṣan tí ìka wa bá kókó nínú rẹ̀ la ń gún. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí tó dára jù.

Báwo ló ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí mo bá wá?

Ìbéèrè la fi ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn wo lẹ ń lò? Ṣé ẹ̀jẹ̀ yín máa ń tètè dá? Ṣé ẹ ti dákú rí nígbà tí wọ́n fún yín lábẹ́rẹ́? Lẹ́yìn náà ni màá wo bí ẹ ṣe ń rìn, bí ẹ ṣe ń lóṣòó, bí ẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dìde lórí ìka.

Bí a bá fẹnu kò pé abẹ́rẹ́ yẹ, ẹ ó dùbúlẹ̀. Mi ò kì í gún ẹni tó wà lórí ìdúró láé, nítorí òòyì. Màá fọ ọwọ́, màá wọ ìbọ̀wọ́, màá nu ojú ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú ike tín-ín-rín kan. Màá fi ike náà lé ara, màá sì fi ìka ta ìdí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ pé ó ti wọlé. Lẹ́yìn náà ni màá rọra tì í lọ sínú iṣan, ọwọ́ mi kejì á di ẹran náà mú kó má yẹ̀.

Bí ẹnu rẹ̀ bá bọ́ sínú kókó, ẹran á ta gìrì. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ mì í, iṣan fúnra rẹ̀ ló ta, ó sì máa ń yára bí ìgbà tí ẹja bá jà lẹ́nu ìwọ̀. Èmi náà máa ń mọ̀ ọ́n ní ìka ọwọ́ mi. Màá fà á sẹ́yìn díẹ̀, màá tún tì í síwájú, títí tí títa náà á fi rọlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ lójú kan. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ sínú ara fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, àwọn mìíràn sì máa ń so iná kékeré mọ́ ọn.

Ṣé ó máa ń dùn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní pa irọ́ fún yín. Wíwọlé rẹ̀ kì í dùn, títa gìrì yẹn ló máa ń dùn, bí ìgbà tí pajápajá bá mú ènìyàn lójijì tó sì tún jáwọ́. Ẹ̀yìn ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló le jù. Bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró. Kò pọn dandan kí ẹran ta kí ara tó yá. Mo ti rí àwọn tí tiwọn kò ta rárá tí ara sì tù wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ lè máa dùn bí ti ẹni tó sáré ìje lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ kan sí méjì ló sábà máa ń gbà, nígbà míì ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo gún ojú mẹ́jọ lára ọ̀dọ́kùnrin kan níjókòó kan nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n ń ro ó. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi tiro. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni mi ò ti gún ju ojú méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀rí wo ló wà pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹsẹ̀?

Ẹ̀rí wà, kò pọ̀ tó bí àwọn fídíò ṣe ń kéde rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

Gìgísẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ dára jù lójú mi. Ìwádìí kan ní Ọsirélíà, tó jáde ní 2014, kó ènìyàn 84 jọ tí abẹ́ gìgísẹ̀ ń dùn. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ gidi, àwọn yòókù gba èyí tí kò wọ ara, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó gba ti gidi sàn ju àwọn yòókù lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà: lórí ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún, ìrora ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ fi nǹkan bíi 14 dín ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Ìyàtọ̀ yẹn tó kí ènìyàn mọ̀ ọ́n lára. Kò tó láti pè é ní iṣẹ́ ìyanu.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wá láti Sípéènì, ní 2013. Ènìyàn 40 tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún fún ni. Nígbà tí oògùn ìsùn ti gbé wọn lọ tán, kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gún àwọn kókó ẹsẹ̀ àwọn kan, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ẹni tó sùn kò lè mọ̀ bóyá wọ́n gún òun tàbí wọn ò gún òun, nítorí náà kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìrora àwọn tí wọ́n gún kéré sí ti àwọn yòókù. Nígbà tó fi di oṣù mẹ́ta, wọ́n ti bára dọ́gba.

Fún ọrùn ẹsẹ̀ tó máa ń rọ́ ní gbogbo ìgbà, ìwádìí kékeré kan lórí ènìyàn 27 rí i pé gígún iṣan ẹ̀gbẹ́ ojúgun pẹ̀lú ìdárayá dára ju ìdárayá nìkan lọ. Ti iṣan ẹ̀yìn itan kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gún un láti mọ̀ bóyá á jẹ́ kí ó nà dáadáa sí i, abẹ́rẹ́ gidi ò sì ju abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn lọ.

Ẹ kíyè sí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan náà ni èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn ń gbà: ìrora á dín kù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù kan, lẹ́yìn náà àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ lè lé àwọn tó gbà á bá. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń fún yín ni àyè, àsìkò díẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ro. Ohun tí ẹ bá fi àsìkò náà ṣe ló máa sọ bí ẹsẹ̀ náà á ṣe rí lẹ́yìn náà.

Kí ni mo máa wá fi àsìkò náà ṣe?

Ẹ máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù. Iṣan tó ń di kókó léraléra sábà máa ń jẹ́ iṣan tí iṣẹ́ tó ń ṣe ti ju agbára rẹ̀ lọ. Bí a bá tú kókó sílẹ̀ tí a ò fún un lágbára, yóò tún sún kì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin tí gìgísẹ̀ ń dùn. Mo gún soleus rẹ̀ lójú méjì. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ọgbẹ́ inú ti rọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá kan tí ìwádìí kan ní Dẹ́ńmáàkì ti gbé yẹ̀ wò ní 2014. Ẹ ká táwẹ́lì, ẹ fi sórí àtẹ̀gùn, kí ìka ẹsẹ̀ gùn ún kí wọ́n lè tẹ̀ sókè. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbé ara yín sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ dúró lókè fún 2, ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún 3. Ẹ̀ẹ̀mejìlá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe, ìgbà mẹ́ta lápapọ̀, lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan rárá. Nígbà tó bá ti rọrùn, ẹ kó ìwé sínú báàgì, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ sì dín iye ìgbà kù bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ní oṣù mẹ́ta, àwọn tó ṣe èyí nínú ìwádìí náà sàn ju àwọn tó kàn ń na àtẹ́lẹsẹ̀ lọ.

Nígbà àkọ́kọ́, mẹ́rin péré ló lè ṣe kí ojúgun rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ ṣe mẹ́tàdínlógún. Ìyẹn ni àìsàn rẹ̀ gan-an, abẹ́rẹ́ kankan ò lè fún un ní mẹ́tàlá tó kù yẹn.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí ni mo lè ṣe lọ́jọ́ náà?

Ẹ rìn, ẹ máa mi ẹsẹ̀, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀. Ẹ fi eré sísá líle àti bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì.

Mo fẹsẹ̀ rọ́ lánàá. Tàbí kí n sọ pé iṣan ẹ̀yìn itan mi já. Ṣé kí n wá gbà á?

Kò tíì yá. Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú ara rẹ̀. Bí ẹ bá kì abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ tún ń fi kún ọgbẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ kì í lẹ iṣan tó já pọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ká bándéjì mọ́ ọn, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ má di ẹrù lé e. Bí ẹ kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí eegun ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ ya X-ray. Bí ẹ bá gbọ́ "pọ̀" lẹ́yìn gìgísẹ̀, bí ẹni pé wọ́n sọ yín lókùúta, tí ẹ kò sì lè dìde lórí ìka ẹsẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà egungun ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Okùn líle tó so iṣan ẹ̀yìn ojúgun mọ́ gìgísẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti já.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ojú ọgbẹ́ ti dì, àwọn iṣan tó yí i ká lè ti le koko nítorí pé wọ́n ń gbèjà ẹsẹ̀. Nígbà náà ni abẹ́rẹ́ lè wúlò.

Egungun ojúgun mi ló ń dùn bí mo bá sáré.

Ẹ fi ìka kan tọ ojúgun náà. Bí ìrora bá nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, ó lè jẹ́ ti ẹran àti awọ tó bo egungun. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí orí ìka lè bò, tó sì tún ń ro lóru, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un. Egungun lè ti sán, X-ray ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì lè má fi hàn. Ó lè gba MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ju X-ray lọ.

Ewu wo ló wà nínú rẹ̀?

Ní Írẹ́lándì, àwọn oníṣẹ́ físíò 39 kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nínú ìtọ́jú 7,629. Ojú ibi tó dúdú lẹ́yìn gígún jẹ́ ìdá 7.55 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jẹ́ 4.65, ìrora nígbà gígún 3.01, ìrora lẹ́yìn rẹ̀ 2.19. Kò sí èyí tó le nínú gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù jù lọ níbòmíràn, pé kí abẹ́rẹ́ lu ẹ̀dọ̀fóró, kò sí lọ́nà ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ ní ewu tirẹ̀ ṣá. Níwájú, níbi tí itan ti pàdé ikùn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti iṣan ìmọ̀lára ńlá jọ ń kọjá pọ̀. Nínú kòtò ẹ̀yìn orúnkún náà, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún níta, nísàlẹ̀ díẹ̀, iṣan ìmọ̀lára kan rọ̀ mọ́ orí egungun, awọ nìkan ló bò ó. Òun ló ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá ṣe é léṣe, iwájú ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Nínú ìdí, iṣan ìmọ̀lára tó tóbi jù lára wà níbẹ̀.

Ẹ pe dókítà kíákíá bí ojúgun bá ń wú tó sì ń le gbagidi lẹ́yìn tí wọ́n gún un, bí ìrora bá ń pọ̀ sí i wákàtí sí wákàtí, bí ẹsẹ̀ kò bá mọ nǹkan lára mọ́, tàbí tí ibà àti pípọ́n bá tẹ̀ lé e.

Àwọn wo ni kò yẹ kí ó gbà á?

Ẹni tí kò bá fẹ́ ni àkọ́kọ́. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kì í ṣe ìwà ọmọdé, ọ̀nà ìtọ́jú mìíràn wà. Bákan náà ni ibi tí awọ ti ń kẹ̀, ẹsẹ̀ tó wú nítorí omi ara tí kò rí ọ̀nà gbà, àti ẹni tí àìsàn ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa tú láìdá. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tàbí oògùn tó fara jọ ọ́, aboyún, ẹni tí oògùn ti dín agbára ara rẹ̀ láti gbógun ti àìsàn kù, ẹni tí irin tó ń jẹ́ nickel máa ń ta lára, kí wọ́n sọ ọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́ ń fẹ́ ìṣọ́ra gidi, torí kò ní mọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá kan ibi tí kò yẹ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ lọ́kàn, kí wọ́n má so iná mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ojúgun mi kan wú, ó gbóná, ó ń dùn. Ṣé kókó ni?

Ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.

Ọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìrìn àjò ọkọ̀ òfuurufú tó gùn. Ó ní pajápajá ló mú òun, ó sì ti ka nípa abẹ́rẹ́ gbígbẹ. Mo fi téèpù wọn ojúgun méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà sísàlẹ̀ orúnkún: èyí tó ń dùn fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ju ìkejì lọ. Awọ rẹ̀ ń dán, ó gbóná ní ọwọ́ mi. Mi ò tẹ̀ ẹ́, mi ò wọ́ ọ. Mo kọ lẹ́tà, mo sì ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n bá nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ojúgun náà. Bí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá já, tó gba inú ọkàn kọjá sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, tó ní jẹjẹrẹ, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó fi èyí sọ́kàn gan-an.

Ṣé mo lè ra abẹ́rẹ́ náà kí n máa gún ara mi?

Rárá o. Mo ti sọ ibi tí àwọn iṣan ìmọ̀lára wà, ẹ kò sì lè rí wọn láti ìta.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe?

Ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ ọ, kí ẹ sì wádìí bóyá òfin ibi tí ẹ ń gbé gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè, nítorí kò dọ́gba káàkiri. Kó ya abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, kó sì jù ú sínú àpótí líle tí wọ́n ń kó ohun mímú sí lẹ́yìn tó bá lò ó. Abẹ́rẹ́ kan kì í gún ènìyàn méjì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wò ó bóyá ó bi yín ní ìbéèrè kó tó gbé abẹ́rẹ́, tó sì fún yín ní ìdárayá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láìní ọjọ́ ìparí, ẹ bi í léèrè ìdí.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa gbà á?

Ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ kan síra wọn, ló sábà máa ń tó. Mo máa ń fẹ́ rí ìyípadà nígbà tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Bí n kò bá rí ìyípadà kankan ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́?

Nígbà náà, màá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti orí, nítorí ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ iṣan ló ń ro yín rárá. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, torí àwọn kan lára wọn máa ń jẹ́ kí ẹran ara ro. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́. Bí ojúgun bá ń fún yín pa ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti rìn dé ìwọ̀n kan, tó sì ń lọ bí ẹ bá dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń mu sìgá tàbí ẹ ní àtọ̀gbẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló lè ti dín. Màá ní kí ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, màá fi orí ìka méjì lé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yín, láàárín egungun àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, kí n wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kì-kì-kì. Bí mi ò bá bá a níbẹ̀, lẹ́tà ni màá kọ fún yín lọ́jọ́ náà sí ọ̀dọ̀ dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀.